Ẹyẹ Tó Ń Tẹ̀ Lé Ọkọ̀, A Kì Í Kà Á

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Al Nahda níbí, ní Sharjah, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú wọn ń bí mi.

Mo gbọ́ pé ẹ ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé báńkì ni mo wà. Màmá, ẹyẹ ni mo ń kà! Ìgbà òtútù ni wọ́n ń ti ilẹ̀ jíjìn wá sórí òkun yìí, àwa náà á sì wọkọ̀ ojú omi lọ kà wọ́n. Atẹ́gùn á máa wọ eegun, èébì á máa gbé mi, síbẹ̀ màá di awò tí mo fi ń wo ọ̀nà jíjìn mú.

Iṣẹ́ yìí ní òfin. Ẹyẹ tó bá ń tẹ̀ lé ọkọ̀, a kì í kà á, torí oúnjẹ ló ń wá. Ṣé ẹ máa da àgbàdo sílẹ̀, kí ẹ wá ka adìyẹ aládùúgbò mọ́ tiyín?

Ohun tí ọ̀gá mi ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ó ní kí wọ́n máa da ìfun ẹja sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹyẹ bò wá pitimu, ó ní kí n kà wọ́n. Àwọn tó ń wa yanrìn inú òkun ló gbéṣẹ́ fún wa, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ àwọn ò lé ẹyẹ kankan lọ. Mo ní mi ò kà á. Ó ní khalas, ó tán, kí n rántí pé físà mi ti fẹ́ parí, ọwọ́ òun ló sì wà.

Inú bí mi gan-an. Ìgbà tí mo wá pe Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, wọ́n ní kí n kọ ohun tí ọ̀gá fẹ́, pé ṣé ẹyẹ ló máa bọ́ wa ni. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé orúkọ tí Bàbá sọ mí ni kí n fi sábẹ́ irọ́? Àwọn apẹja ibí ń wo ibi tí ẹyẹ ń bà kí wọ́n tó da àwọ̀n. Òkun tí ẹyẹ bá ti kọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ rí pa níbẹ̀?

Ohun tí mo rí ni mo kọ: ẹyẹ ò pọ̀ mọ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, mi ò sì rò pé ó máa tún físà mi ṣe.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ kí gbogbo ilé. Bí ẹ bá sì rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi, Màmá, ẹ má bi mí pé kí ni mo kó bọ̀. Ẹ ṣáà ṣílẹ̀kùn fún mi.

Èmi ọmọ yín,
Bọ́lájí