Owó Tuntun Tí Mo Fẹ́ Sọ fún Bàbá Pàṣán

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 2025
Àwọn ará Àbújá tún pè. Iṣẹ́ olówó oṣù, ilé-iṣẹ́ ńlá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di ọjọ́ kejìlélógún. Mi ò fẹ́ lọ. Èmi àti Màmá nìkan la kù nínú ilé yìí, Kàbà sì bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n ₦60,000 lóṣù ni Bàbá Pàṣán ń san fún mi lórí ilé-ìwé wọn mẹ́ta – Kàbà, Mopa, Ìsánlú! Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò èsì ìdánwò wọn, èmi ni wọ́n ń pè tó bá dẹnu kọlẹ̀. Iye tá a dá lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn nìyẹn. Dátà nìkan ń jẹ ìdajì rẹ̀. ₦180,000 ni mo fẹ́. Bí Bàbá Pàṣán bá gbà, mo dúró. Bí wọn ò bá gbà, ó di Àbújá.

Ọjọ́rú, 10
Mo lọ. Bàbá Pàṣán – Ọ̀gbẹ́ni Philip Ọládipọ̀ gan-an, tó ni àwọn ilé-ìwé náà, tó nà mí ní pírámárì nítorí ìṣirò – wà níwájú ilé wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n kí mi bí a ṣe ń kíra wa ní Kàbà: "Okun o, ọmọ mi. Ìyá rẹ ńkọ́?" Mo ní wọ́n wà dáadáa. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ní kí ìyàwó wọn kó iṣu tuntun mẹ́ta fún mi. Ta ló ń gba iṣu lọ́wọ́ àgbà tán kó tún sọ̀rọ̀ owó? Mo dúpẹ́. Mo wálé.
Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Àbámẹ́ta, 13
Mo tún lọ. Iṣu mẹ́rin.

Àìkú, 14
Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Pàṣán fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ wo Ayọ̀kẹ́mi, ó kàwé, síbẹ̀ ó ń wá kí àgbà! Kí ilẹ̀ la ẹnu kó gbé mi mì.

Ìṣẹ́gun, 16
Màmá bi mí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún bàbá yìí tí iṣu ò fi tán nílé. Mo jẹ́wọ́ pé owó ni mo ń lọ sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí n sọ ọ́ kí Bàbá Pàṣán tó ní kí n jókòó. Mi ò sọ ti Àbújá fún wọn.

Ọjọ́bọ̀, 18
Mo kọ lẹ́tà sí Bàbá Pàṣán. "Ẹ jọ̀ọ́" mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Mo fà á ya.

Ẹtì, 19
Mo sọ ọ́! Lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, láìmí: láti oṣù tó ń bọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án. Ohùn mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
Bàbá Pàṣán yọ awò ojú wọn.
Wọ́n wá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí àwọn ti béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún irú iṣẹ́ yìí ní Lọ́kọ́ja. ₦400,000 ni wọ́n pè. Láti ìgbà náà, bí àwọn bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn á ní lọ́kàn pé ó tán, ọmọ yìí ti gbọ́. "Ìtìjú ni mo fi ń fún ọ níṣu. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jẹ́ kó o sọ̀rọ̀, irínwó lo máa pè."
Wọ́n gbà á, láìdín kọ́bọ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé mo lè pe ₦250,000. Ó dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22
Mo dá Àbújá lóhùn: ẹ ṣeun, mi ò ní lè wá. Nígbà tí ewu ti kọjá ni mo tó sọ ọ́ fún Màmá. Wọn ò tilẹ̀ wò mí – ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Ariwo ni mò ń pa lórí fóònù, àwọn gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni mo máa fi dúró, àwọn ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọwọ́ wọn wá dúró lórí ẹ̀wà.
"Ṣé o ò lọ mọ́ lóòótọ́?"
Mo ní mi ò lọ mọ́.
Wọ́n bú sẹ́kún.