Èébú tí mo kó lọ sí ọgbà ìṣeré

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá àgbà kan ní Òsí ló ń kọ̀wé yìí. Ẹ má wádìí mi, ẹnu mi ò dáa.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Dárasími, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ti jẹ irun orí rẹ̀ tán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan máa ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn tí wọ́n bá rí i, ni ìyá rẹ̀ ò bá jẹ́ kó jáde mọ́. Nígbà tí dókítà ní ó lè ṣeré díẹ̀, mo ní ká lọ sí ọgbà ìṣeré ní Ìlọrin.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàámi, bí wọ́n bá tún sá fún un ńkọ́?"

Mo ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi." Títí a fi dé Ìlọrin ni mo ń to èébú sẹ́nu.

A wà lórí ìlà ẹṣin onírin tó ń pòòyì nígbà tí fìlà tí ọmọ fi bo orí bọ́. Gbogbo ojú yí sí wa. Mo ti lanu tán, ni obìnrin kan bá bi mí pé, "Bàbá, ta lèyí?"

"Ìyàwó mi ni. Mo fá a lórí kí àwọn ọ̀dọ́ má baà gbà á lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó kígbe, "Ẹ yà fún ìyàwó o!" Gbogbo ìlà sì yà. Ọmọbìnrin tirẹ̀ di Dárasími lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ gun ẹṣin kan ṣoṣo. Ọkàn wa balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Dárasími ò dé fìlà mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èébú yẹn ṣì kún ẹnu mi. Ṣé kí n gbé e mì ni, àbí kí n kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi?

Èmi ni, ọkọ ìyàwó.