Ojú Ìwé Tí Mi Ò Lè Kà fún Bàbá

                                        Gbaffo,
                                        Dassa-Zoumé,
                                        Dahomey.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1964.

Ẹ̀gbọ́n mi Eustache ọ̀wọ́n,

Mo kí yín títí dé Dakar. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Isabelle ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ tí a kò tíì fojú rí ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ní tiwa, a ń mí, a sì ń jẹun. Ọyẹ́ ọdún yìí bẹ́ wa létè, ṣùgbọ́n ó ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ la ń retí. Bàbá ti kọ ebè tirẹ̀ tán lẹ́bàá òkè, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ta ló tó dá a lẹ́kun?

Ìwé òfin tí ẹ kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde, ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Bàṣírù, oníṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́jà Dassa, ni wọ́n já a sí. Inú mi dùn débi pé mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná. Mo ti mọ iṣẹ́ ọlọ́pàá jàndámù báyìí, mo mọ ti adájọ́ àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo sì mọ ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ pe ènìyàn ní ọ̀daràn kí ẹjọ́ rẹ̀ tó parí. Ẹ ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ kọ ọ́ fún. Ó yé mi, èmi tí mo kàwé mọ ní ilé ìwé àwọn ma sœur ìjọ Àgùdà.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Bàbá ní kí n ka ẹ̀yìn ìwé fún òun, níbi tí àwòrán yín wà, tí wọ́n ti sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á: pé Dassa ni wọ́n bí yín sí, pé ẹ kàwé òfin, pé ẹ ń kọ́ni. Ni mo bá dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé orphelin ni yín, pé bàbá yín kú nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, pé àwọn Páádì ló tọ́ yín. Bàbá jókòó síwájú mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu àwòrán yín. Mo ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbẹ̀ takuntakun ni bàbá yín.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà. Bàbá ti ẹ̀ṣọ́ kòmándàǹ ṣubú, ó ní òun kò ní fi oko sílẹ̀ lọ la ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́ fún òyìnbó, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní Savalou. Ta ni ì bá gba ọmọ ẹlẹ́wọ̀n sí ilé ìwé ńlá? Ìdí nìyẹn tí ẹ fi sọ fún wọn pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti lọ, ẹ ṣì pa Bàbá sínú ìwé. Ó dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, láti ìgbà tí a ti sin Ìyá, tí a ti fojú kàn yín. Àárò yín ń sọ mí débi pé ohùn yín ni mò ń gbọ́ bí mo bá ń ka ìwé náà.

Bàbá kò jẹ́ kí ìwé yín sinmi. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ sí abúlé Tré, ó tún gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí kò bèèrè gan-an, ó fi hàn án. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó jẹun tán, ó ní kí n tún ka ẹ̀yìn ìwé fún òun. Mo pa irọ́ mi bó ṣe wà, mo tiẹ̀ bù mọ́ ọn pé ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Perpétue, o ṣeun, ọmọ mi. Cosme catéchiste ti kà á fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Tiyín pé ogún ọdún lóòótọ́, tèmi kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Mo bú sẹ́kún, òun ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀wọ̀n, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò kọ èyí tó ń dun ẹlẹ́wọ̀n jù, pé kò mọ̀ bóyá ọmọ òun ti jẹun. Ó ní ìyókù kì í ṣe ohun tí à ń kọ sí lẹ́tà.

Désiré ọkọ mi kí yín. Ẹ bá mi kí Isabelle, ẹ sì bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra. Mo bi Bàbá léèrè ohun tó fẹ́ kí n kọ sí yín. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òkú ń kí yín. Ó ní òun kò bínú, kí ẹ ṣáà wá sin òun nísinsìnyí tí òun ṣì lè dá yín mọ̀.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
                                        Perpétue.