Dúrọ́ọ̀ Kẹrin: Ìgbésí Ayé Bàbá Eustaquio Lacanlale (1938–2019)

Ìlú Betis, ní ìpínlẹ̀ Pampanga, ni wọ́n ti bí bàbá wa, ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1938. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, káfíńtà sì ni bàbá bàbá wọn. Ìyá wọn, Màmá Donata, ń ta àkàrà ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà kí wọ́n tó jókòó ti iṣẹ́. Orí wọn pé dáadáa. Ariwo ìfági ló kàn ń dùn mọ́ wọn ju ti tíṣà lọ.

Ní 1961, wọ́n fẹ́ Florentina Sunga. Ẹ̀bùn tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún ìyàwó ni kọ́bọ́ọ̀dù kékeré ẹ̀bá ibùsùn, igi narra pupa, láìsí ìṣó kan nínú rẹ̀: eyín tí wọ́n fi ayùn àti irin ìgbẹ́gi gé sí etí pákó ló di ara wọn mú. Dúrọ́ọ̀ mẹ́ta ló ní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Bí a bá ń ka àtẹ̀gùn ilé lọ́dọ̀ wa, oro, plata, mata là ń kà: wúrà, fàdákà, ikú. A kì í jẹ́ kó parí sórí mata. Màmá Rosaria, ìyá ìyàwó, ka dúrọ́ọ̀ náà bẹ́ẹ̀, ó parí sórí mata, wọ́n ní kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde kó má pa ọmọ àwọn. Bàbá fèsì pé dúrọ́ọ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn, àfi bí Màmá bá fẹ́ gùn ún. Ó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, àfi Màmá Rosaria.

Ní ìgbà òjò 1963, lẹ́yìn ìbí Leonila, ọmọ wọn, òtútù àyà dá Màmá Florentina dùbúlẹ̀. Dókítà ń wá, ibà ò lọ. Ẹ̀rù ba Bàbá gidigidi. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà síta, wọ́n tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fá pákó pẹlẹbẹ, wọ́n sì kọ́ dúrọ́ọ̀ kẹrin tí kò gbà ju rosari lọ, kí kíkà lè padà parí sórí oro. Ara Màmá yá. Bàbá ní oògùn dókítà ló ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, kò sí oníbàárà tó rí onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta gbà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn tí òkè oníná Pinatubo da eérú bò wá ní 1991, Bàbá tún àwọn ìjókòó ìjọ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ìsìn òwúrọ̀ tí wọ́n pa jẹ.

Màmá sùn nínú Olúwa ní 2016. Bàbá sún sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí Màmá ń sùn sí, lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ní ìparí oṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí oúnjẹ ò wọlé mọ́, wọ́n pe Leonila.

“Bá mi yọ ìkẹrin yẹn kúrò.”

Leonila ní òun ò ní yọ ọ́. “Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní oògùn dókítà ni.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí mi ò fẹ́ kí ìyá ìyá ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Yọ ọ́, ọmọ mi. Ìyá ẹ ti dúró dè mí tó.”

Ó sunkún, ó sì yọ ọ́. Bàbá ka mẹ́ta tó kù jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Leonila, Isidro, tó jogún ayùn, àti Pacita, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jeddah, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ púpọ̀. Dúrọ́ọ̀ kẹrin wà nínú pósí, lábẹ́ ọwọ́ Bàbá. Isidro ti fá pákó òmíràn sílẹ̀ fún ìkẹrin tuntun, nítorí Leonila ni yóò máa sùn lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù náà báyìí.

Ẹ sùn ire, Bàbá. Ẹ bá wa kí Màmá.