Ogún Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ Tí Kò Mọ Irọ́ Pa

Èmi, tí orúkọ mi wà ní kíkún lára ìwé ìbí tí mo fi sínú àpò ìwé yìí, ṣùgbọ́n tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bí-Gbogbo-Wa-Bá-Ṣe-É-Ńkọ́, oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́, opó, ìyá ọmọ kan ṣoṣo, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Orúnkún mi ni kò gbọ́ tèmi mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ni a fi ń há ogún. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ mí. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni tó ń kun pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ni mo yàn láti mú gbogbo ohun tó wà níbí ṣẹ.

Ọmọ mi, ka ìwé náà dé òpin kí o tó bínú. Mo mọ̀ ọ́: ibi tí inú bá ti bí ọ ni o ti máa ń pa ìwé dé.

2. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí mo ń gbé, àti ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀, mo fún aránṣọ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Tirẹ̀ ni títí láé, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e jáde.

Mo ní kí o má tíì bínú. Ó di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí obìnrin yìí sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìwọ bàtà. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní ọkọ òun ń lé òun bọ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́. Mo tì í sínú yàrá ẹ̀yìn, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò pẹ́ tí ọkọ náà dé, òógùn ti bò ó, ó bi mí pé, “Ìyá, ṣé ìyàwó mi wà níbí?”

Gbogbo ẹni tó gbọ́n ni ì bá ní rárá. Bàbá rẹ, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà, ti ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n ní rárá. Rárá náà kò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, “N kò ní dá ọ lóhùn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé lónìí, àfi tó bá gba orí mi kọjá.” Ó gbìyànjú láti gba orí mi kọjá. Eyín iwájú mi méjì ló ti bá a lọ kí àwọn aládùúgbò tó dì í mú, tí àwọn ọlọ́pàá sì wá gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń bá àgbàdo jìjàkadì, yóò ní, “Ìyá wa, rárá kan péré ni ì bá gba eyín yín là.” Mo máa ń dá a lóhùn pé eyín ló fọ́, òtítọ́ mi kò fọ́. Ó ní òtítọ́ kì í gé àgbàdo jẹ.

Kì í ṣe àánú ni mo fi fún un nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣèlérí fún un pé kò ní sá kúrò nínú ilé kankan mọ́ láyé rẹ̀. Bí ìlérí bá ń bá ẹni tó ṣe é wọ sàréè, ta ni yóò tún gba ìlérí lẹ́nu arúgbó? Ìwọ ọmọ mi ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé náà lé e lọ́wọ́. Bí inú rẹ bá dùn bí o ti ń ṣe é, mo bá ọ yọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yìn ọ́. Ohun tó wu ènìyàn láti ṣe kò gba oríyìn. Bí inú rẹ bá korò bí ewúro, tí o sì ṣe é síbẹ̀, a jẹ́ pé mo bímọ.

3. Ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, mo fún ọmọ mi yìí kan náà. Ògiri iwájú rẹ̀ fẹ̀, kí ó kùn ún bó ṣe wù ú.

Jọ̀ọ́, má kùn ún ní pupa.

4. Àwọn irinṣẹ́ mi, ìyẹn fáìlì ìfá-irin mọ́kàndínlógún, ẹ̀mú mẹ́rin, àti irin ńlá tí mo fi ń di kọ́kọ́rọ́ mú, mo fún ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó bá lé oníbàárà ọlọ́ṣẹ jáde.

Kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ọkùnrin kan gbé ọṣẹ wá. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn tẹ ọṣẹ náà, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ rekete, ó ní kí a bá òun ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wù mí, nítorí ó le. Bàbá mi bi mí pé, “Bí gbogbo wa bá ṣe é ńkọ́? Kí ni ẹnikẹ́ni yóò tún máa ra àgádágodo sí?” Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé iṣẹ́ tí yóò pa iṣẹ́ ni. Bàbá mi kò sọ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, kò sọ pé ọ̀run ń bínú. Làákàyè mi ló ní kí n lò. Látìgbà náà ni mo ti ń bi tọmọdé tàgbà ní ìbéèrè yìí, títí wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ mi. Ọkọ mi máa ń ráhùn pé bí òun bá fẹ́ hanrun, òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú bóyá gbogbo ayé lè jọ hanrun pọ̀.

5. Ológbò mi, mo fún káfíńtà tó wà ní ọ̀kánkán.

Káfíńtà, ọdún kan lẹ́yìn ikú ọkọ mi, ẹ wá bá mi pé kí a fẹ́ra, pé ẹ̀yin ó máa ṣe ilẹ̀kùn, èmi ó máa fi àgádágodo sí i. Mo gbé e yẹ̀ wò, mo rí i pé irinṣẹ́ lẹ̀ ń wá. Ènìyàn kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn ọdún méjì ẹ tún wá, ẹ kò mẹ́nu ba ilẹ̀kùn rárá. Ẹ kàn jókòó, ẹ bi mí bí orúnkún mi ṣe ń ṣe. Ká ní ìyẹn lẹ kọ́kọ́ bi mí ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ní ti ológbò, kò mọ ojúṣe kankan. Ohun tó bá wù ú ló ń ṣe. Bí ó bá wá sùn lé yín lẹ́sẹ̀, ẹ má pè é ní ìwà rere. Ẹsẹ̀ yín ló móoru.

6. Gbèsè kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn mi, kì í sì í ṣe ti owó. Ọmọ mi ni mo jẹ ẹ́.

Ọmọ mi, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń wá ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìwọ ti pé e ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. O gbé ìwé ìbúra wá fún mi, pé kí n fọwọ́ sí i pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bí ọ gan-an ni mo bí ọ. Mo ní bí gbogbo ìyá bá ń sún ọjọ́ ìbí ọmọ síwájú, ta ni yóò tún gba ìbúra ìyá gbọ́? O wò mí, o ní, “Ìyá mi, kì í ṣe gbogbo ìyá ni mo bẹ̀. Ẹ̀yin ni mo bẹ̀.” N kò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì o di ẹrù rẹ, o lọ, ọdún mẹ́rin gbáko ni n kò fi ojú kàn ọ́.

N kò lè tọrọ àforíjì pé n kò búra èké. Bí wọ́n bá tún gbé ìwé náà wá lọ́la, ọwọ́ mi kò ní kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn sọ fún ọ pé ọkàn mi le bí irin tí mo ń fá, mo gbọ́, n kò sì já wọn nírọ́. Ohun tí mo jẹ ọ́ nìyẹn, mo sì fẹ́ san án.

Ní òwúrọ̀ tí o lọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù, èmi tí n kì í tì í lọ́jọ́ iṣẹ́. Mo tẹ̀ lé ọ dé gáréèjì, mo dúró sẹ́yìn ìsọ̀ oníbúrẹ́dì. Mo rí ọ tí o gbé àpótí rẹ lé itan, tí o kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀. Mo rí i pé bọ́tìnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Ọkọ̀ yín lọ, òmíràn wá dúró sípò rẹ̀, n kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà, oníbàárà kan bi mí ohun tó dé tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ojú ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó rò pé àìsàn ni. N kò tún èrò rẹ̀ ṣe.

Làákàyè kò rán mi lọ sí gáréèjì náà, ojúṣe kò sì rán mi. Èmi ni mo rán ara mi.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí kò jẹ nínú ogún yìí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún tí mo pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Ìbuwọ́lùwé: Bí-Gbogbo-Wa-Bá-Ṣe-É-Ńkọ́, oníṣẹ́ kọ́kọ́rọ́

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò mí ní ọjọ́ Ajé

Ẹlẹ́rìí kejì: Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ará ilé kejì