Ààwẹ̀ Tí Ẹ Ń Gbà Nítorí Ẹsẹ̀ Mi

Mummy mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà. Ara mi le dáadáa, òtútù Peckham ò rí mi gbé ṣe mọ́.

Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu Àsúmáù àbúrò mi pé wọ́n na tíìmù họ́kì orí yìnyín wa ní sẹmi-fáínà lọ́jọ́ Sátidé. Láti September la ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó rò pé a máa débẹ̀. Ẹ ní kí n má sunkún, pé mo gbìyànjú. Mi ò sunkún, Mummy. Ẹni tó ni aṣọ nọ́ńbà mọ́kàndínlógún ló ń sunkún nígbà tí mo lọ gba aṣọ náà lọ́wọ́ ẹ̀ láti fọ̀ ọ́.

Aṣọ yẹn náà ni mo wọ̀ nínú fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀. Ó ti gbẹ, mo kàn ní kí n wò ó bóyá á bá mi mu ni. Nígbà tí ẹ pè mí, tí ẹ ń kígbe pé ọmọ yín ti di eléré ní London, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ni mo rín.

Àsúmáù ní láti ọjọ́ náà lẹ ti ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé, kí ẹsẹ̀ mi má baà kán.

Ẹ bá mi kí Alfa àtàwọn ìyá Àsàlátù. Ẹsẹ̀ mi ò kan yìnyín rí, aṣọ wọn ni mo ń bá wọn fọ̀. Ọ̀la ni Tọ́sìdé. Ẹ jọ̀ọ́ Mummy, ẹ jẹun láàárọ̀.

Roqeeb ọmọ yín