Èémí Ẹnu Mi Lórí Ṣíìpù

Turffontein, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ojú ṣì ń tì mí. Eruku ni mo rí níbi iṣẹ́ lára ṣíìpù kékeré, ẹ̀rọ bíńtín tó ń ti ìmọ́lẹ̀ sínú okùn gíláàsì. Dípò kí n fi aṣọ ìnùnù rẹ̀ nù ún, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Itọ́ ta sí i. Ìmọ́lẹ̀ ò kọjá dáadáa mọ́.

Ọ̀gá rí i, ó kọjú sí Sipho, tá a jọ ń ṣiṣẹ́. "Ìwọ náà ló tún bà á jẹ́?"

"Eish, ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án!"

Sipho wojú mi. Èmi ń wo ìbọ̀wọ́ mi.

Ọ̀gá lé e kúrò nídìí tábìlì ṣíìpù náà, ó ní èmi tí mo máa ń fara balẹ̀ ni kí n gba ibẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà." Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀.